Àwọ̀ Babáfẹ́mi Lórí Bébà

Weston, Toronto
4 oṣù Karùn-ún, 2024

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti òkèèrè. Ṣé ara le? Ṣé ìbàdí yín ti rọ̀ díẹ̀? Òtútù ti dẹ̀yìn lẹ́yìn wa níbí, mo ti ká kóòtù ńlá sínú àpò, mo sì ti ń jáde láìbo etí. Ẹ bá mi kí Àǹtí Sìlífátù. Ẹ sọ fún wọn pé abẹ́rẹ́ ìránwèé tí wọ́n fún mi nígbà tí mo ń kúrò ní press wa ní Mọ́kọ́lá ṣì wà lọ́wọ́ mi, kò tíì dípẹtà.

Ẹ ti gbọ́ pé ìrántí ọdún kan Áńkù Fẹ́mi yóò wáyé ní Sátidé, ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Kẹwàá. Ohun tí n kò tíì sọ fún yín ni pé èmi ni Àǹtí Lará ní kí n tẹ ìwé ìrántí náà. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì dárúkọ ẹnìkan tó máa ń bá wọn tẹ̀wé. Àǹtí Lará wò wọ́n, wọ́n ní: "Ọmọ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tí wọ́n bí sí ìdí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wà nílẹ̀, I should now carry it to a stranger? Lai lai." Bí iṣẹ́ náà ṣe bọ́ sí mi lọ́wọ́ nìyẹn.

Bàbá, ẹ kò tún rí Áńkù láti ìgbà tí wọ́n ti sá kúrò nílé nígbà ìjọba ológun. Ìwé yìí ni yóò gbé ojú wọn wá bá yín. Mo fẹ́ kí ó jẹ́ ojú wọn gan-an. Ìdí nìyí tí ọkàn mi kò fi balẹ̀.

Ojú wọn nínú fọ́tò tí mo ń tẹ̀ ń pọ́n. Ẹ̀rọ lésà tí mo rà ń lo tónà mẹ́rin: búlúù, pupa, yẹ́lò àti dúdú. Ìyẹ̀fun ni tónà, kì í ṣe yíǹkì olómi bíi ti press wa. Èyí tí àwọn tó ṣe ẹ̀rọ ń tà gbówó lórí, torí náà mo lọ sí Brampton, mo ra èyí tí ilé iṣẹ́ mìíràn ṣe tó bá ẹ̀rọ náà mu. Láti ìgbà yẹn, ilé ń jáde dáadáa, òdòdó ń jáde dáadáa, ojú ènìyàn dúdú nìkan ló ń yí padà.

Ìwé àkọ́tẹ̀ wà nínú àpòòwé yìí, Múrítàlá tó ń bọ̀ wá sí Ìbàdàn ló ń bá mi gbé e bọ̀. N kò lè fi fóònù ránṣẹ́, nítorí fóònù kọ̀ọ̀kan ló ní àwọ̀ tirẹ̀. Mo mọ òfin wa. Ẹnikẹ́ni kì í tẹ èkejì bí ọ̀gá kò bá tíì fi pẹ́ńsù pupa kọ "Tẹ̀ ẹ́" sí ìdí àkọ́kọ́. N kò tíì rí ẹni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní Toronto, ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ kọ́ mi. Ẹ wò ó fún mi, kí ẹ sì sọ ohun tí ojú yín bá sọ.

Èmi ọmọ yín tó ń retí pẹ́ńsù pupa,
Fẹ̀hìntọlá


Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn
27 oṣù Karùn-ún, 2024

Àníkẹ́ ọmọ mi,

Ìkíni rẹ dé, tèmi náà ń bọ̀ wá bá ọ. Ìbàdí ń dùn mí, kò sì sí ìròyìn nínú ìyẹn. Ó ti ń dùn mí kí o tó mọ̀ ọ́n rìn. Múrítàlá gbé ìwé dé, ó jókòó, ó jẹ ẹ̀bà nílé mi, ó ní kò sí irú rẹ̀ ní gbogbo Canada. Irọ́ ni. Ebi ló ń pa á.

Kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í bá ọ jà, jẹ́ kí n sọ eléyìí. Nígbà tí mo kà á pé ìwọ ni ìyàwó Fẹ́mi gbé iṣẹ́ náà fún, mo dìde lórí àga, ó di ọ̀dọ̀ Sìlífátù nídìí ẹ̀rọ tó fi ń gé ìwé. Sálúbàtà ẹsẹ̀ kan ni mo wọ̀ jáde, n kò mọ̀ títí àwọn ará àdúgbò fi ń rẹ́rìn-ín. Ọmọ mẹ́rin ni mo bí, ìwọ nìkan ni òórùn yíǹkì wọ̀ lára. Orí mi wú.

Wàyí o. Ta ni ẹni tí ń bẹ nínú fọ́tò tí o fi ránṣẹ́? Ó jọ ẹni tó fi epo pupa wẹ̀. Àbúrò mi dúdú, ó sì ń dán. Ìyá wa máa ń sọ pé bí Fẹ́mi bá wọ yàrá tí kò sí iná, eyín rẹ̀ ni à ń kí. N kò lè fọwọ́ sí eléyìí.

Bébà ńkọ́? Kí ló dé tí o ń lo bébà tó ti pọ́n? Ó jọ èyí tó ti sùn sí ilé ìkẹ́rù fún ọdún púpọ̀. Ẹ̀yin tí igi pọ̀ lọ́dọ̀ yín tó bẹ́ẹ̀, ṣé ẹ kò rí bébà funfun rà ni?

N kò mọ lésà, yíǹkì ni mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ní press wa, bí ojú bá pọ́n, a kì í kàn sáré dín pupa kù. Ó lè jẹ́ pé búlúù ló sá lọ tí pupa fi rí àyè. Tẹ àwọ̀ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí o mọ èyí tó ń purọ́. Kí o sì ṣọ́ra fún ọjà pọ́ọ́kú tí o rà ní Brampton yẹn.

Má bínú sí mi. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Láti ọjọ́ tí mo ti sin Fẹ́mi dé pápákọ̀ òfuurufú, n kò fojú kàn án mọ́. Lórí fóònù, bí òjìji ni mo máa ń rí i, ohùn rẹ̀ nìkan ni mo ń gbọ́ dáadáa. Òun ni mo fẹ́ rí lórí bébà, kì í ṣe ẹlòmíràn.

Bàbá rẹ tí kò tíì fọwọ́ sí i,
Akínyínká


Weston, Toronto
23 oṣù Kẹfà, 2024

Bàbá mi,

Ẹ kú ojú lọ́nà. Mo ka lẹ́tà yín nínú bọ́ọ̀sì, mo rẹ́rìn-ín títí obìnrin tó jókòó tì mí fi bèèrè bóyá àláàfíà ni mo wà. Mo ní bàbá mi ló ń bá mi jà. Ó ní bí bàbá òun bá ń jà báyìí, òun ì bá ti máa kọ̀wé sí i.

Mo ṣe bí ẹ ṣe wí. Mo tẹ àwọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, Bàbá! Búlúù ló sá lọ, ó ń jáde bí ẹni pé wọ́n da omi sí i. Èmi ni mo fà á. Pupa àti yẹ́lò nìkan ni mo rà ní Brampton. Mo fi búlúù àti dúdú àtijọ́ sílẹ̀ nítorí wọn kò tíì tán, mo sì ń gbọ́ ohùn yín létí pé a kì í da yíǹkì nù. Tónà ilé iṣẹ́ méjì wá ń jà nínú ẹ̀rọ kan.

Ẹ jẹ́ kí n tún sọ èyí tó burú jù. Ẹ̀rọ yìí máa ń fúnra rẹ̀ wọn àwọ̀ tó ń tẹ̀ lóòrèkóòrè. Á fa ìlà àwọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sára bẹ́líìtì kan nínú ikùn rẹ̀, ojú kékeré kan yóò wò wọ́n bóyá wọ́n ki tàbí wọ́n ṣàn, ẹ̀rọ yóò sì tún ara rẹ̀ ṣe. Calibration ni wọ́n ń pè é. Lẹ́yìn náà á nu àwọn ìlà náà nù. Nígbà tí mo rí i pé tónà tí mo fowó rà ló ń fi ṣe é, mo ní kí ló dé? Mo pa á. Mo rò pé mo gbọ́n. Ọmọ atẹ̀wé ará Mọ́kọ́lá ni mí, n kò lè rí ìyẹ̀fun tó ń ṣòfò kí n dákẹ́.

Nígbà tí mo tún tan án, ẹ̀rọ kọ̀ jálẹ̀. Ó kọ ọ́ síta pé òun kò lè ka àwọ̀. Mo ṣí i. Ìyẹ̀fun pupa ti jò láti inú tónà tuntun, ó ti bo ojú kékeré náà pátápátá. Mo fi aṣọ gbígbẹ rírọ̀ nù ún jẹ́jẹ́, mo tan án, ó sì gbà láti wọn àwọ̀. Mo jó yí tábìlì ká.

Ìwé kejì nìyí, Hameedat tóun náà ń bọ̀ nílé ló ń gbé e bọ̀. Pupa ti lọ, ṣùgbọ́n ó ṣì kù díẹ̀. Àǹtí Lará rí i lọ́sẹ̀ tó kọjá. Bàbá, obìnrin yìí ń yà mí lẹ́nu. Wọ́n tẹjú mọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní wọ́ọ̀dù láti àárọ̀, wọ́n wọ ọkọ̀ ojú irin láti Ajax dé ibùdókọ̀ Union, wọ́n tún wọ òmíràn wá bá mi ní Weston, pẹ̀lú abọ́ mọ́ínmọ́ín lọ́wọ́, láti wá wo bébà kan ṣoṣo. Wọn kò ráhùn. Wọ́n gbé e sí ojú fèrèsé, wọ́n ní: "Ó ti ń súnmọ́ ilé." Bí mo bá ní ìdajì ọkàn wọn, ó tó mi.

Mo ti ra bébà mìíràn pẹ̀lú. Ẹ sọ ti ojú yín.

Èmi ni tiyín,
Fẹ̀hìntọlá


Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn
20 oṣù Keje, 2024

Àníkẹ́,

Má wò ó pé mo pẹ́. Òjò ni, iná mànàmáná ni, àgbà sì ni. Mo ń kọ ọ̀rọ̀ mi gàdàgbà-gadagba kí ojú rẹ tí kọ̀ǹpútà ti mọ́ lára lè rí i kà.

Ìtàn ojú kékeré inú ẹ̀rọ yẹn, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ní kí Sìlífátù kà á fún mi. Mo sọ ọ́ fún àwọn atẹ̀wé ẹgbẹ́ mi ní ìpàdé. Mo ní ọmọ mi obìnrin tú ikùn ẹ̀rọ, ó rí ibi tí àrùn wà, ó fi aṣọ nù ún, ẹ̀rọ náà sì gbọ́. Ẹnì kan ní ṣé ó kàwé rẹ̀ ni. Mo ní wọ́n bí i sínú rẹ̀ ni! Bí ọmọdé bá mọ ọwọ́ wẹ̀, á bá àgbà jẹun. Tìrẹ ti mọ́.

Ṣùgbọ́n n kò fọwọ́ sí i. Epo pupa ti lọ, ó ku ohun kan. Yẹ́lò pọ̀ jù lára rẹ̀. Dín in kù dáadáa. Bébà tuntun tí o ní o rà, ṣé ó dá ọ lójú? Ó tún pọ́n ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹni tó tà á fún ọ rẹ́ ọ jẹ.

Kí ìyàwó Fẹ́mi. Sọ fún un pé mo gbọ́ ti abọ́ mọ́ínmọ́ín, àbúrò mi mọ aya fẹ́.

Bàbá rẹ,
Akínyínká


Weston, Toronto
17 oṣù Kẹjọ, 2024

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú òjò, ẹ kú àìsí iná. Àwọn alàgbà ẹgbẹ́ yín tí ẹ fi mí yangàn níwájú wọn, ẹ bá mi kí wọn, kí ẹ sì má sọ fún wọn pé èmi ni mo kọ́kọ́ pa ohun tí mo tún wá tan.

Mo ti yọ gbogbo tónà àtijọ́ kúrò. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti wá láti ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo báyìí, ẹ̀rọ sì ti wọn ara rẹ̀. Mo sọ irú bébà tó wà nínú rẹ̀ fún un, nítorí bí bébà bá nípọn tí ẹ̀rọ kò mọ̀, ìyẹ̀fun kò ní yọ́ mọ́ ọn lára dáadáa. Lẹ́yìn náà ni mo wá fọwọ́ ara mi dín yẹ́lò kù bí ẹ ṣe pàṣẹ.

Àǹtí Lará wá wò ó. Ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu wọn nìyí: "Ah-ah, Fẹ̀hìntọlá. Ta lèyí? See how he's blue. Mo mọ àwọ̀ yìí o. I see am for ward every winter, and it is never good news. Jọ̀ọ́, má fi ọkọ mi hàn mí bẹ́ẹ̀ mọ́." Wọ́n dojú bébà náà délẹ̀ lórí tábìlì. Ojú tì mí bí ẹni pé mo bú wọn.

Mo dá yẹ́lò padà síbi tó wà. Mo tẹ òmíràn bí wọ́n ti jókòó. Ẹ̀rọ tì í jáde, wọ́n mú un lọ sí ojú fèrèsé. Mo bèèrè pé, "Auntie, ó tún burú ni?" Wọ́n ní: "Burú kẹ̀? This one na my husband. Fẹ́mi mi rèé." Wọ́n fi ìka tọ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ lórí bébà, wọ́n sì bú sẹ́kún.

Òun ni mo fi ránṣẹ́ sí yín, lórí bébà tó funfun jù tí mo lè rí ní gbogbo ìlú yìí. Bàbá, oṣù Kẹwàá ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó pẹ̀lú àánú.

Ọmọ yín,
Fẹ̀hìntọlá


Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn
7 oṣù Kẹsàn-án, 2024

Fẹ̀hìntọlá,

Mo ní kí o dín yẹ́lò kù, o tún fi kún un. Ta ni ọ̀gá nínú èmi àti ìwọ?

Ìyàwó Fẹ́mi sunkún, mo gbọ́, mo sì bá a kẹ́dùn. Ṣùgbọ́n èmi ni mo pọn Fẹ́mi. Èmi ni mo fọ ìdí rẹ̀ nígbà tí ìyá wa lọ ọjà oko. Ẹnikẹ́ni kò lè sọ àwọ̀ àbúrò mi fún mi. Ẹni tó wà lórí bébà yìí kì í ṣe òun. Gbogbo ara rẹ̀ ṣókùnkùn, ó pọ́n, ó dà bí ẹni tí a ń wò láti ẹ̀yìn ìgò ọtí. O sì ní bébà tó funfun jù ní gbogbo ìlú nìyí! Bí ògì àgbàdo pupa ló rí. Bí funfun ṣe ń rí ní Toronto nìyẹn, ẹ kú iṣẹ́.

N kò ní kọ "Tẹ̀ ẹ́" sí ohun tí ojú mi kọ̀. N kò ṣe é rí fún olówó, n kò ní ṣe é fún ọmọ mi.

Akínyínká


Weston, Toronto
14 oṣù Kẹsàn-án, 2024

Bàbá mi, ọkọ ìyá mi,

Mo wólẹ̀. Ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò. Láti ìgbà tí lẹ́tà yín ti dé ni mo ti ń wá ọ̀rọ̀ rere náà, kò yọjú, torí náà ẹ gba èyí tó wà lẹ́nu mi, kí ẹ má bínú.

Bàbá, bébà náà funfun.

Mo gbé e lọ síta ní ọ̀sán gangan. Mo fi han Àǹtí Lará, mo fi han ẹni tó ń gbé ẹnu ọ̀nà kejì sí mi. Funfun báláú ni. Irú bébà mẹ́ta ni mo ti lò nítorí yín, ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ sì rí ohun kan náà. Lẹ́tà tí ẹ fọwọ́ kọ sì ń tóbi sí i lóṣooṣù. Èyí tó dé kẹ́yìn, àwọn ìlà rẹ̀ ń gun ara wọn lórí.

Mo rántí ọjọ́ tí ẹ dá ẹ̀rọ dúró nígbà tí gbogbo wa rò pé iṣẹ́ ń lọ dáadáa. Ẹ ní búlúù aṣọ ìyàwó lórí káàdì ìgbéyàwó tí à ń tẹ̀ ti ń ṣá. A jiyàn títí ìyá ìyàwó fi gbé aṣọ náà wá, tó sì rí bí ẹ ṣe wí. Láti ọjọ́ náà, kò sí ojú tí mo fọkàn tán láyé yìí ju tiyín lọ. Òun ló jẹ́ kí ẹ̀rù bà mí báyìí.

Bébà òfìfo kan wà nínú àpòòwé yìí. Ẹ bá mi mú un jókòó sẹ́nu ọ̀nà ní òwúrọ̀. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú ọ̀tún, kí ẹ fi tòsì wò ó. Lẹ́yìn náà kí ẹ bo tòsì. Ẹ jẹ́ kí Àǹtí Sìlífátù wà níbẹ̀, kí ẹ bi wọ́n ní ohun tí wọ́n rí. Ẹ̀yin náà lẹ ní kí n yẹ àwọ̀ wò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Mo gbọ́dọ̀ tẹ ìwé náà ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìrántí. N kò fẹ́ tẹ̀ ẹ́ láìsí yín. Ṣùgbọ́n ojú yín ká mi lára ju ìwé lọ.

Fẹ̀hìntọlá yín


Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn
28 oṣù Kẹsàn-án, 2024

Fẹ̀hìntọlá,

Lẹ́tà rẹ dé. Kò sí ohun tó ṣe ojú mi. Kí wọ́n tó bí ọ ni mo ti ń wo àwọ̀. Bí o bá fẹ́ tẹ ìwé láìgba àṣẹ mi, sọ bẹ́ẹ̀, má fi ojú mi ṣe àwáwí.

30 oṣù Kẹsàn-án

N kò fi èyí tó wà lókè ránṣẹ́. N kò sì fà á ya, kí o lè mọ irú bàbá tó bí ọ.

Mo ṣe é lówùúrọ̀ yìí. Ojú òsì rí bébà náà bíi wàrà màlúù. Ojú ọ̀tún, tí mo ti fi ń yẹ iṣẹ́ wò láti ọjọ́ ayé mi, rí i bí àgbàdo gbígbẹ. Bébà kan náà! Mo pe Sìlífátù. Mo ní, "Irú àwọ̀ wo nìyí?" Ó wolẹ̀. Mo tún bi í. Ó ní: "Bàbá, funfun ni. Ẹ dákun, ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀. Bí ẹ bá ní kí n mú òwú ìránwèé dúdú, tí mo sì mọ̀ pé búlúù lẹ ń wò, mo máa ń mú èyí tó yẹ láìsọ̀rọ̀ ni. Ta ni máa sọ fún ọ̀gá pé ojú rẹ̀ ti ń kú?"

N kò bínú sí i. Mo jókòó síbẹ̀ títí oòrùn fi ká mi mọ́. Ẹ̀rù bà mí, Àníkẹ́. Ẹ̀rù bà mí gidigidi. Atẹ̀wé tí kò mọ funfun mọ́, kí ni wọ́n ń pè é?

Ẹ̀rọ rẹ gbọ́n jù mí lọ. Nígbà tí ìyẹ̀fun bo ojú rẹ̀, ó kọ̀, ó ní òun kò ríran. Èmi ń dá ẹjọ́ lọ ní tèmi, mo tún ń bú ọ mọ́ ọn.

Tẹ ìwé náà, má dúró dè mí mọ́. N kò lè fọwọ́ sí i, nítorí a kì í fọwọ́ sí ohun tí a kò rí. Ìwọ ni kí o kọ "Tẹ̀ ẹ́" síbẹ̀, kí o kọ orúkọ rẹ sábẹ́ rẹ̀. O ti di ọ̀gá. Ọmọ tó lè wo ojú bàbá rẹ̀ kó sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn fún un pẹ̀lú ìtẹríba, kò sí iṣẹ́ tí kò lè ṣe. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ, mo sì tọrọ àforíjì.

Sìlífátù yóò ya lẹ́tà yìí lórí fóònù, yóò fi ránṣẹ́ sí ọ kí ó lè tètè dé. Ọ̀la ni yóò mú mi lọ sí ilé ìwòsàn ojú.

Bàbá rẹ,
Akínyínká


Weston, Toronto
21 oṣù Kẹwàá, 2024

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ìrójú. Dókítà ti sọ fún mi lórí fóònù pé ohun bí awọ ló bo ẹyin ojú yín, pé kì í ṣe ohun tí kò ní àtúnṣe. Mo sunkún ayọ̀ nínú ilé ìdáná.

Mo tẹ̀ ẹ́, Bàbá. Mo mú pẹ́ńsù pupa. Mo kọ "Tẹ̀ ẹ́", mo wò ó, ó dà bí ẹni pé mo wọ bàtà yín. Mo ní kí ẹ̀rọ kọ́kọ́ wọn ara rẹ̀, mo tẹ ojú Áńkù sórí bébà kan láti fi yẹ̀ ẹ́ wò, lẹ́yìn náà ni mo jẹ́ kí ó máa tẹ̀ lọ. Bí ó bá tẹ̀ díẹ̀, màá dá a dúró kí n tún fi ti àkọ́kọ́ wé e. Tónà yìí kì í ṣe ti àwọn tó ṣe ẹ̀rọ, torí náà kò ṣeé fi sílẹ̀ lọ sùn.

Ìrántí náà dára, ó kọjá bẹ́ẹ̀. Alàgbà kan wá láti Brampton, òun àti Áńkù jọ dé ìlú yìí nígbà kan náà ni. Ó ṣí ìwé náà, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ojú Áńkù, kò sì kúrò níbẹ̀ títí orin fi parí. Àǹtí Lará ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan tàwọn. Nígbà tí wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ èrò, wọ́n dárúkọ yín kí wọ́n tó dárúkọ mi: "Akínyínká, printer of Mọ́kọ́lá, his daughter did this." Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́.

Ìwé tiyín wà nínú àpòòwé yìí. Ẹ jọ̀ọ́, kí Àǹtí Sìlífátù bá yín fi pamọ́ títí wọn yóò fi ṣe ojú náà. Mi ò fẹ́ kí ẹ rí i láti ẹ̀yìn ìgò ọtí.

Ọmọ yín tó ń gbàdúrà fún yín,
Fẹ̀hìntọlá


Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn
24 oṣù Kọkànlá, 2024

Àníkẹ́ mi, ọ̀gá atẹ̀wé,

Wọ́n ti ṣe ojú ọ̀tún. Nígbà tí wọ́n tú aṣọ tí wọ́n fi dì í, ògiri ilé ìwòsàn funfun lójú mi bí ẹ̀kọ tútù. Mo pariwo. Mo ní ta ló kun ilé yìí? Nọ́ọ̀sì ní bó ṣe wà nìyẹn láti ọdún tó lọ. Mo dé ilé, mo rí i pé agbádá tí mò ń bá alágbàfọ̀ jà lé lórí mọ́ tónítóní. Mo ti rán ẹnìkan lọ bẹ̀ ẹ́.

Sìlífátù gbé ìwé rẹ wá fún mi lẹ́nu ọ̀nà. Mo kọ́kọ́ wò ó bí atẹ̀wé. Mo wo abẹ́ àgbọ̀n, níbi tí òjìji ti máa ń dá iṣẹ́ aláìmọ̀kan rú. Ó mọ́. Mo wo ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti bà lé iwájú orí. Dúdú ni, ó sì ń dán, bí mo ṣe wí. N kò ṣe irú iṣẹ́ yìí rí pẹ̀lú gbogbo ẹ̀rọ ńlá tí mo lò. Jẹ́ kí n sọ ọ́ kí n má baà gbàgbé: ìwọ jù mí lọ.

Lẹ́yìn náà ni mo wá wò ó bí ẹ̀gbọ́n.

Àníkẹ́, Fẹ́mi ti hewú. Irùngbọ̀n rẹ̀ funfun bíi ti bàbá wa. Nínú gbogbo bébà tí o fi ránṣẹ́, n kò rí ewú kan. Irun dúdú tó gbé lọ ni mò ń rò pé mo rí. Bí mo ṣe ń dá iṣẹ́ rẹ padà lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, ọmọkùnrin tí mo sìn dé pápákọ̀ ni mò ń wá lórí bébà, mo sì ń bínú pé o kò gbé e wá fún mi. Kò sí níbẹ̀ mọ́. Ó ti dàgbà, ó ti darúgbó, ìlà ti wà ní ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀ níbi tó ti rẹ́rìn-ín púpọ̀, èmi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò sì sí níbẹ̀.

Mo gbé e sórí itan, mo kí i. Mo ní, "Fẹ́mi, o kú àgbà."

Dókítà ní n kò gbọdọ̀ sunkún títí ojú yóò fi san. Kò tíì rí ìwé tí o tẹ̀.

Bàbá rẹ,
Akínyínká